Ẹ Bi Wá: Abàmì Ẹ̀dá Olówó Pọ́ọ́kú

Fíìmù sáyẹ́ǹsì adẹ́rùbani tí wọ́n fi owó kékeré ṣe ló gba àpò lẹ́tà wa kan lóṣù yìí. Àwọn kan fẹ́ mọ ohun tó dùn nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ti gbé kámẹ́rà, ọ̀nà sì ti dí mọ́ wọn lójú. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú kí àyè lè gba ìdáhùn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àwọn ọmọ mi a máa jókòó ti fíìmù àtijọ́ tí ẹranko rọ́bà ti ń lé èèyàn kiri, tí síìpù ń hàn lẹ́yìn aṣọ ẹranko náà. Kí ni wọ́n ń rí níbẹ̀? (Ìyá Ìbejì, Ṣómólú)

Ẹ kú ìtọ́jú wọn, Ìyá Ìbejì. Síìpù kọ́ ni wọ́n ń wò, mà. Fíìmù tí kò lówó kò lè gbé ju èrò kan lọ, nítorí náà ó máa ń di èrò kan náà mú gírígírí. Nínú *The Blob* tó jáde ní 1958, nǹkan kan tó rọ̀ bí jẹ́lì jábọ́ láti ojú sánmà, ó ń gbé èèyàn mì, bó sì ṣe ń gbé wọn mì ló ń tóbi sí i. Kò sí ìtàn mìíràn. Nọ́ọ̀sì da ásíìdì lé e, dókítà yìnbọn lù ú, kò mira. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ méjì sá wọ yàrá òtútù tí wọ́n ń kó ẹran sí ní ṣọ́ọ̀bù kan. Nǹkan náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé tọ̀ wọ́n, ó sì fà sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohunkóhun ní àkókò yẹn. Ọmọ tó bá ń fojú sí i ti mọ̀ pé òtútù ni ọ̀tá rẹ̀ kí àwọn inú fíìmù tó mọ̀. Adùn rẹ̀ nìyẹn: fíìmù náà ní òfin kan, ó sì jẹ́ kí òǹwòran fúnra rẹ̀ rí òfin ọ̀hún.

Yàtọ̀ sí èyí, abàmì ẹ̀dá ń gbówó lórí. Níbi tí owó kò bá sí, ẹ kò ní rí i púpọ̀. Ẹ óò rí òjìji, ẹ óò gbọ́ ìró, ẹ óò rí ojú ẹni tó rí i. Ọkàn òǹwòran ló máa ya ìyókù, ohun tí ọkàn bá sì yà máa ń burú ju rọ́bà lọ.

Ẹ̀rù àsìkò náà tún wà níbẹ̀. *Godzilla* ti àwọn ará Japan kì í ṣe fíìmù olówó kékeré nílé wọn, àmọ́ òun ló fi èyí hàn jù. Ní oṣù kẹta ọdún 1954, Amẹ́ríkà dán bọ́ǹbù wò ní erékùṣù Bikini, eérú olóró rẹ̀ sì bà lé àwọn apẹja Japan inú ọkọ̀ Daigo Fukuryu Maru. Fíìmù náà jáde ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà. Abàmì tí bọ́ǹbù jí dìde láti inú òkun kì í ṣe àlọ́ lásán létí ẹni tó ń bẹ̀rù ẹja tó ń rà lọ́jà.

Kí ló ya abàmì inú fíìmù wọ̀nyí sọ́tọ̀ sí iwin àti àjẹ́ inú fíìmù Yorùbá? Ẹ jọ̀ọ́, kí sì ni “B” inú “B-movie” tí wọ́n ń pe irú fíìmù yìí? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àkọkà)

“B” kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣirò owó. Ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1930 sí 1940, tíkẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n fi máa ń wo fíìmù méjì. Èyí tó tóbi ni A, ilé sinimá á sì pín owó ìwọlé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ṣe é. Èyí kékeré ni B, iye kan pàtó ni wọ́n fi ń yá a, ì báà fa èrò wá, ì báà má fà wọ́n wá. Ẹni tó ń ṣe B ti mọ iye tó máa wọlé kó tó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi lè náwó kọjá ààlà.

Ní ti iwin, ẹ wo *Aiyé* ti Hubert Ogunde ní 1979. Òǹwòran ti mọ agbára àwọn àjẹ́ yẹn láti ilé. Agbára àti agbára ló ń kojú ara wọn. Fíìmù sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ fi orísun hàn tí ọwọ́ lè tọ́ka sí. Nínú *Night of the Living Dead* ti George Romero, 1968, ìròyìn orí tẹlifíṣọ̀n sọ pé ọkọ̀ òfuurufú kan tó ti Venus bọ̀ ló ṣeé ṣe kó gbé ìtànṣán tó ń jí òkú wá. Òfin rẹ̀ kò sì mojú ẹnikẹ́ni: ẹni rere àti ẹni burúkú, tí òkú bá bù wọ́n jẹ, ọ̀kan náà ni wọ́n. Tí ìwé eré yín bá fi kẹ́míkà àti ilé iṣẹ́ ìwádìí bẹ̀rẹ̀, tí ó wá fi ọfọ̀ parí láìṣe pé ẹ ti gbin ọfọ̀ náà síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òǹwòran á bínú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Ẹ̀jẹ̀ tí a ṣe ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lójú kámẹ́rà bí omi zobo. Kí la máa ṣe? (Ẹgbẹ́ eléré kan, Mushin)

Bóyá zobo gan-an lẹ lò. Omi zobo kò ki, ó sì máa ń fà sí àwọ̀ àlùkò. Ẹ gbé ife ṣúgà méjì sí ife omi kan, ẹ sè é lórí iná kékeré títí ṣúgà á fi yọ́ tán, tí á sì máa fà díẹ̀ lẹ́nu ṣíbí. Tó bá ti ń pọ́n bíi gúgúrú oníṣúgà, ẹ ti sè é jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ po ṣíbí kékeré méjì ìyẹ̀fun kòkó, èyí tí kò ní mílíìkì àti ṣúgà, mọ́ omi gbígbóná díẹ̀ kó má baà díkókó, kí ẹ tó dà á sí i. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì: ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀ títí tó ṣíbí ìjẹun kan, kí ẹ sì fi ẹ̀kán àwọ̀ búlúù kan ṣoṣo pa iná ojú rẹ̀.

Kòkó yẹn ni ojútùú. Àwọ̀ pupa nìkan máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, iná LED funfun sì ń fà sí búlúù, nítorí náà ló ṣe ń rẹ́ lójú. Kòkó dí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀jẹ̀ tó ti ń gbẹ. Ní 1968 yẹn, omi ṣokoléètì lásán ni Romero fi ṣe ẹ̀jẹ̀, torí pé fíìmù dúdú-òun-funfun ni. Iye owó fíìmù náà jẹ́ nǹkan bí 114,000 dọ́là. Ẹ dán tiyín wò lórí aṣọ funfun, lábẹ́ iná tí ẹ máa lò gan-an, pẹ̀lú fóònù tí ẹ máa lò gan-an. Nínú òkùnkùn, fóònù a máa tan ojú ara rẹ̀ sí i láìbi yín: ẹ tẹ ojú rẹ̀ pẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ á fi dúró sójú kan, kí ẹ sì fà á wálẹ̀ díẹ̀.

Àwọ̀ yìí kì í jáde lára aṣọ. Ẹ ra ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó jọra ní ọjà òkìrìkà Kàtángúà, ẹ má fi ọ̀kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ fi Vaseline pa awọ ara kí ẹ tó da ẹ̀jẹ̀ sí i. Ṣíbí ọṣẹ ìfọbọ́ kan máa jẹ́ kó tètè ṣí nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọlọ́ṣẹ kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu tàbí ojú. Ẹ fọ ilẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, èèrà Èkó kò ní ṣàánú yín.

Bí ẹ bá fẹ́ itọ́ tó ń fà fún abàmì náà, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sítáàṣì ẹ̀gẹ́ nínú lítà omi kan, tí a rò lórí iná títí ó fi mọ́ gaara. Ògì kì í mọ́, ó máa ń funfun. Omi ilá ń fà dáadáa ju gbogbo wọn lọ, àmọ́ nínú ooru yìí ó máa ń kan láàárín wákàtí díẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì lé òṣèré sá.

Abàmì wa fẹ́ tẹ danfo mọ́lẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà, a kò sì lówó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. (Àwọn kan náà, Mushin)

Ẹ ṣe danfo kékeré. Ohun tó ń tú àṣírí ohun ìṣeré ni pé ó ń yára ṣubú jù, ìyára yìí sì ní ìṣirò tirẹ̀. Tí ẹ bá sọ nǹkan di ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, márùn-ún lọ́nà márùn-ún ni 25, nítorí náà kí kámẹ́rà yá ní ìlọ́po márùn-ún. Àwòrán 24 ni a máa ń wò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 120, ọ̀pọ̀ fóònù sì ní 120 níbi tí wọ́n kọ “slow motion” sí. Danfo tó gùn ní mítà 5 á di sẹ̀ǹtímítà 20. Páálí nípọn, ọ̀dà yẹ́lò, ìlà dúdú, ó parí. Ẹ gbé ojú kámẹ́rà sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6 sí 7, torí pé ibẹ̀ ni ojú ẹni tó dúró ní ibùdókọ̀ á wà. Láti òkè wá, ohun ìṣeré lásán ni.

Oòrùn òwúrọ̀ ni kí ẹ fi yà á. Ní 120, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ara àwòrán kọ̀ọ̀kan kéré gan-an. Iná NEPA àti ti jẹnẹrétọ̀ náà ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ojú wa kò rí i, àmọ́ ní ìyára yẹn gbogbo àwòrán yín á máa tàn á máa kú. Fún eruku, ẹ sẹ́ ìyẹ̀fun mọ́ eérú. Erùpẹ̀ gidi ní hóró tó tóbi jù. Ìyẹ̀fun tó ń fò lè gbiná, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sí àbẹ́là tàbí sìgá nítòsí. Ẹ yẹra fún omi àti iná nínú àwòrán kékeré: ẹ̀kán omi kò ṣeé dín kù.

Níbo la ti lè rí inú ọkọ̀ òfuurufú yà? (Káfíńtà kan, Ìdí-Òrò)

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé “face-me-I-face-you”. Ó gùn, ó há, ilẹ̀kùn kojú ilẹ̀kùn. Nígbà tí James Cameron, tó di olùdarí fíìmù olókìkí lẹ́yìn náà, ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Roger Corman, ẹni tó ń ṣe fíìmù olówó kékeré, lórí fíìmù *Galaxy of Terror*, 1981, ike fóòmù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ni wọ́n tò sí ara ògiri, tí wọ́n kùn ún. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ike fóòmù yẹn láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dára náà: ọ̀dà inú agolo tí a ń fọ́n máa ń jẹ ẹ́ yọ́, gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà náà ń jẹ ẹ́. Kéréètì ẹyin tí wọ́n fi bébà ṣe sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kàn án mọ́ orí páálí, kì í ṣe ara ògiri onílé. Ẹ fi ọ̀dà olómi aláwọ̀ eérú kùn ún, kó gbẹ, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nu àwọ̀ fàdákà sí ṣóńṣó rẹ̀ nìkan. Iná kan láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú. Bébà ni o, kí gílóòbù gbígbóná má sún mọ́ ọn.

Ṣé dandan ni kí a sọ fún ẹnikẹ́ni kí a tó jáde síta? (Mushin)

Dandan ni. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, alága àdúgbò àti àwọn tó ń gbé òpópónà náà, kí ó tó di ọjọ́ iṣẹ́. Òṣèré tó fi ẹ̀jẹ̀ kun ara kò gbọ́dọ̀ rin ìgbésẹ̀ kan kúrò níbi iṣẹ́. Èrò lè rò pé apànìyàn ni, wọn kò sì ní béèrè. Tí ẹ bá máa tà á tàbí ṣàfihàn rẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ẹ gbé e lọ fún àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò, tí Òfin 85 ti ọdún 1993 dá sílẹ̀.

Abàmì wa ń ké bí ajá. (Aránṣọ kan, Èbúté Mẹ́tta)

Ohùn Godzilla wá láti ara ìbọ̀wọ́ awọ tí wọ́n fi oje igi pa, tí wọ́n wá fà lára okùn “double bass”, ohun èlò orin bíi gòjé ńlá, tí wọ́n ti tú rọ̀. Ẹ wá onígòjé. Kó fa ọrun gòjé rẹ̀ jẹ́jẹ́, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹ wá dín ìyára ìró náà kù sí ìdajì. Á balẹ̀, á sì gùn. Fún ẹran tó ń ya, aṣọ ìnura tó rin ni kí ẹ lọ́ nítòsí gbohùngbohùn. Ẹ gbà á sílẹ̀ láàárín aṣọ tí ẹ fi kọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ pa fáànù àti fíríìjì, torí ìró jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò ṣeé yọ kúrò lẹ́yìn náà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo *Night of the Living Dead*. Kò gba owó, kò sì lòdì sófin: nígbà tí wọ́n yí àkọlé rẹ̀ padà, wọ́n gbàgbé láti tún àmì ẹ̀tọ́ oníǹkan tẹ̀ sí i, òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà sì sọ pé fíìmù tí kò bá ní in ti di ti gbogbo ayé. Ẹ wò ó tán, kí ẹ tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú aṣọ lórí ojú tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ kọ gbogbo ibi tí ìró nìkan ti bà yín lẹ́rù sílẹ̀.