Híhanrun yẹn kì í ṣe oorun

Ẹ béèrè pé báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé oògùn tí ẹnìkan lò ní pátì ti kọjá agbára rẹ̀, àti pé ṣé omi tútù lè là á lójú kí áńbúláǹsì tó dé. Mo kọ́kọ́ ní kí n dáhùn ní ṣókí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣeé sọ ní ṣókí lẹ́nu mi.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ṣẹlẹ̀ sí. Ó ti mu ọtí díẹ̀ kí ẹnìkan tó fún un ní omi kan nínú ìgò kékeré, omi tí kò láwọ̀, tó níyọ̀ díẹ̀ lẹ́nu. GHB ni, oògùn olómi kan tó ń kunni lóorun, a ò mọ̀ nígbà náà. Kò tó ìdajì wákàtí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi gbé e mọ́, ló bá sùn lọ lórí àga. A rẹ́rìn-ín. A gbé e wọ yàrá, a fi aṣọ bò ó, a tún pa ilẹ̀kùn dé kí ariwo má baà jí i. Ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀. Mo yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ tó ń hanrun kíkankíkan, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo ní ṣebí ẹni tó ń hanrun ń mí.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ahọ́n ló ti rọ̀ sẹ́yìn tó ń dí ọ̀nà ọ̀fun, tí èémí wá ń fi agídí gba ibi tó ṣẹ́kù kọjá. Tó bá jẹ́ oorun lásán, ẹ fọwọ́ ti ẹni náà, á yí padà, á bú yín, á tún sùn. Ti àbúrò mi kò rí bẹ́ẹ̀. Á fà, á dákẹ́, á pẹ́, kó tó tún fà, pẹ̀lú ohùn kan nísàlẹ̀ ọ̀fun bíi ti omi tó ń hó nínú ìkòkò tí wọ́n dé. Ìdákẹ́ àárín yẹn ni kí ẹ máa tẹ́tí sí. Tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka èémí rẹ̀. Àgbàlagbà tára rẹ̀ yá, tó sì wà nísinmi, máa ń mí bí ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí kò bá ti pé 10, ẹ pe áńbúláǹsì. Ẹni tí ẹ bá pariwo mọ́, tí ẹ fi oríkèé ìka ra egungun àárín àyà rẹ̀ gidigidi, tí kò sì jí, ẹ pè é fún òun náà, kódà kó máa mí dáadáa.

Nígbà tí mo fi máa padà wọlé, bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, yàrá ti dákẹ́ rọ́rọ́. Èébì wà ní ẹ̀bá ẹnu rẹ̀. Mo rò pé ó ti kú kó tó fa èémí kan. Ètè rẹ̀ dàbí eérú. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ètè á di búlúù. Ta ni wọ́n ń kọ ọ́ fún? Lára aláwọ̀ dúdú, eérú lẹ máa rí. Ẹ ṣí ètè, ẹ wo inú rẹ̀ àti èrìgì, ẹ wo abẹ́ èékánná.

Gbogbo ilé wá di dókítà. Ẹnìkan ní ká da omi tútù lé e lórí. Òmíràn ní ká rọ ọ́ ní wàrà. Ẹnìkẹta ní ká kìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹnìkẹrin, tí mo ṣì ń bínú sí títí dòní, gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní ọlọ́pàá ló máa ṣáájú áńbúláǹsì dé. À ń jiyàn lórí ẹni tó ń mí lẹ́ẹ̀kan lójú ọjọ́ gbọọrọ! Ìgbà tí mo wá rí ẹni tó ń gba ìpè áńbúláǹsì bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní kí n pe orúkọ òpópónà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀. Kò bi mí pé ṣé ó ń mí. Nítorí náà, ẹ má dúró de ìbéèrè wọn. "Kò jí, kò sì mí dáadáa," ìyẹn ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín, lẹ́yìn náà ibi tí ẹ wà. Tí ẹ̀rù ọlọ́pàá bá ń bà yín, ìyẹn ti tó láti mú ọkọ̀ wá. Àwọn tó bá wọlé wá lẹ máa dárúkọ oògùn fún. Àwọn ibì kan ní òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó bá pè fún ìrànwọ́, àwọn ibì kan ò ní. Ẹ wádìí tiyín nígbà tí ara ṣì rọ̀ yín.

Tó bá ń mí tí kò jí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí orí tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ ká orúnkún tòkè wá síwájú kó má baà dojú bolẹ̀. Èébì á lè ṣàn jáde. Tí kò bá mí, ẹ tẹ àyà, 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni orí fóònù á máa kà á fún yín. Ẹ lọ kọ́ ìyẹn níbìkan, ọwọ́ ló ń kọ́ ọ, kì í ṣe ìwé kíkà.

Naloxone. Mo ti fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Tó bá jẹ́ heroin, codeine, fentanyl àti irú wọn ló lò, dúdú àárín ẹyinjú á súnkì bí orí abẹ́rẹ́, èémí á sì máa lọ sílẹ̀. Naloxone tí wọ́n ń fín símú lè dá èémí yẹn padà. Ẹ fín ọ̀kan. Tí kò bá sí àyípadà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 sí 3, ẹ fín òmíràn sí ihò imú kejì. Kò ran GHB tàbí ọtí, ṣùgbọ́n kò ní pa ẹni tí kò nílò rẹ̀ lára, torí náà tí ẹ ò bá mọ ohun tó lò, ẹ fín in. Wọ́n ń po fentanyl mọ́ ìyẹ̀fun àti hóró tí wọ́n fi orúkọ mìíràn tà. Ẹni tó bá sì jí, tó ní òun ń lọ sílé, ẹ má gbà fún un: agbára naloxone lè tán láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 90, kí oògùn tó wà lára wá gbé e ṣubú padà. Láti 2023 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á láìgba ìwé dókítà. Nígbà tí èmi béèrè rẹ̀, ojú ọ̀daràn ni apòògùn fi wò mí.

Ti MDMA, oògùn pátì tó ń ta ara jí, èyí tí wọ́n ń pè ní mólì, yàtọ̀ pátápátá. Ẹni yẹn kì í sùn. Pé ó ń payínkeke nìkan kì í ṣe ewu. Kí ara gbóná janjan, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máà nítumọ̀ mọ́, kí iṣan ara le gbagidi tàbí kí gìrì mú un, ewu ńlá nìyẹn. Òun ni omi tútù wúlò fún, lára awọ o, kì í ṣe lẹ́nu. Ẹ pe áńbúláǹsì, ẹ gbé e kúrò láàárín èrò, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi rẹ ẹ́, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ fi yìnyín sí ọrùn àti abíyá. Àmọ́ ẹni tó ń sùn bíi ti àbúrò mi, omi tútù ò ní jí i. Ó lè gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọn tó sì ń sọ fún ọ̀dọ́ pé "máa mu omi gan-an", kí wọ́n rọra. MDMA kì í jẹ́ kí kíndìnrín da omi nù bó ṣe yẹ. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á wú. Omi ti pa èèyàn báyẹn. Ẹni tó ń jó, bí ìdajì lítà láàárín wákàtí kan tó. Ẹni tó jókòó, ìdajì ìyẹn. Oògùn mìíràn tún wà, PMA, tí wọ́n ń tà bíi mólì. Ó máa ń pẹ́ kó tó ràn, ẹni tó bá lò ó á ní "eléyìí ò lágbára", á sì gbé òmíràn mì lé e.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wá bá wa lẹ́yìn náà pín ìwé pélébé: má lo oògùn olóró. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n ti yàwòrán bí a ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ èèyàn lélẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé GHB àti ọtí kò gbọdọ̀ pàdé nínú ara kan, tàbí pé kí ẹnìkan wà nílé yẹn tí kò ní mu ohunkóhun.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ẹ̀rọ fi bá àbúrò mi mí. Ó yè é. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ní alẹ́ yẹn, dókítà bi wá pé kí ló mu, ó ń sọ̀rọ̀ sí wa bí ẹni ń lé ajá, gbogbo wa sì dákẹ́. Ẹ̀yin, ẹ sọ ọ́, bó ti wù kó bú yín tó. Ẹ mú ìgò, ọ̀rá àti hóró tó bá kù dání lọ. Tiwa, èmi ni mo dà á nù kí ọlọ́pàá má baà rí i.