Má tíì gbé iná sún mọ́ òkúta yẹn

Àbúrò mi, pa iná yẹn ná. O ní o ra tòmálíìnì, òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé kan, lọ́wọ́ àwọn oníòkúta Ìbàdàn, o fi fàdákà 925 (èyí tí ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ojúlówó fàdákà) ṣe òrùka sí i, òrùka wá há oníbàárà rẹ lọ́wọ́. O fẹ́ gé ẹ̀yìn òrùka náà, kí o fi fàdákà díẹ̀ kún un, kí o sì jó o pọ̀ pẹ̀lú òkúta lórí rẹ̀, ìyẹn bí o bá ti fi òwú tútù bò ó. Ẹnì kan ti sọ fún ọ pé kò séwu. Ewu ń bẹ. Èmi ti san owó rẹ̀ rí.

Kò tíì pẹ́ tí mo kúrò lọ́dọ̀ bàbá alágbẹ̀dẹ wúrà tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá kékeré kan ní Mushin. Màmá kan gbé òrùka wá, ìgbéyàwó ọmọ wọn ku ọ̀sẹ̀ méjì. Tòmálíìnì pupa láti Òkè-Ògùn ló wà lórí rẹ̀, òkúta tó mọ́ gaara. Mo rẹ òwú sómi, mo dì í mọ́ òkúta, mo fi bọ́ráàsì, èròjà tó ń jẹ́ kí sọ́dà ṣàn dáadáa, sójú ibi tí mo gé, mo tan iná sí i. Fàdákà ti ń pọ́n, sọ́dà, ìyẹn àdàlù fàdákà tó ń yọ́ láti so ojú méjèèjì pọ̀, ti fẹ́ ṣàn, ni mo gbọ́ “tá!” Ìró kékeré ni, bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná ta ìgò. Nígbà tí mo ṣí òwú, ìlà funfun kan ti la òkúta já láti etí kan dé èkejì, tín-ín-rín bí irun orí. N ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi san owó òkúta náà díẹ̀díẹ̀. Màmá yẹn kò gbéṣẹ́ wá mọ́, n ò sì lè bá wọn wí.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé nínú irin, wúrà àti bàbà, kò sí èyí tó ń gbé ooru rìn tó fàdákà. Iná tó bá kan ẹ̀yìn òrùka kì í pẹ́ dé iwájú. Sọ́dà tó tètè ń yọ́ jù lọ nínú èyí tí a fi ń jó fàdákà pàápàá ń fẹ́ ooru tó ju digirí Sẹ́síọ́ọ̀sì 600 lọ. Tòmálíìnì sì sábà máa ń ní omi tín-ín-tín tó há sínú rẹ̀ láti inú ilẹ̀ wá. Bí ooru bá kàn án lójijì, omi yẹn á wú, òkúta á là. Òwú tútù tiẹ̀ tún ń dá kún un ni, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan ń gbóná bí èkejì ṣe ń tutù. Ti èmírádì, òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé mìíràn, le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti fi òróró kún ojú ìlà inú rẹ̀. Òkúta ópálì, má dán an wò rárá. Iyùn pàápàá, tí gbogbo wa fẹ́ràn fún ìyàwó, kì í ṣe iná nìkan ni ọ̀tá rẹ̀: omi àsíìdì tí a fi ń fọ ẹ̀gbin iná kúrò lára fàdákà máa ń jẹ ẹ́. Á hó, dídán rẹ̀ á sì lọ.

Nítorí náà, tú òkúta yẹn jáde kí o tó ṣe ohunkóhun. Mú ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ki ẹnu rẹ̀ sábẹ́ etí fàdákà tó yí òkúta ká, gbé e díẹ̀, sún síwájú, gbé e díẹ̀. Má fipá ṣí i lójú kan ṣoṣo. Yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin títí etí náà yóò fi ṣí. Bí o bá ti lu ihò sí ìdí òrùka nígbà tí o ń ṣe é, igi ìtayín lo máa fi ti òkúta láti ẹ̀yìn. Èmi kì í ṣe òrùka kankan láìlu ihò yẹn mọ́, yàtọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọ òkúta.

Èyí tó bá tún kàn, jẹ́ kí òkúta ṣáájú, kí fàdákà tẹ̀ lé e. Ìwọ̀n òkúta ni kí o fi gé etí: fi nínípọn fàdákà kún ìbú òkúta, kí o wá fi 3.14 sọ ọ́ di púpọ̀. Òkúta roboto tó jẹ́ mìlímítà 10, pẹ̀lú fàdákà tó nípọn mìlímítà 0.3, yóò gba etí tó gùn tó mìlímítà 32.3. Jó gbogbo ohun tó yẹ ní jíjó, fọ̀ ọ́, fi ayùn kùn ún, dán an títí ojú rẹ á fi hàn nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni òkúta máa wọlé. Tí o bá ń wò ó bóyá ó bá a mu, kọ́kọ́ tẹ́ òwú ìránṣọ kan sábẹ́ rẹ̀, kí o lè fà á jáde. Láìsí òwú yẹn, ó lè há síbẹ̀ kí o tó ṣetán, o ó sì máa gbá òrùka mọ́ tábìlì.

Ọ̀rọ̀ ìka náà wà. Ọ̀sán gangan ni kí o máa wọn ìka oníbàárà, nígbà tí oòrùn Èkó ti mú un wú, kì í ṣe àárọ̀ kùtù. Òrùka tó bá fẹ̀ sì máa ń fẹ́ kí ó tóbi díẹ̀ ju èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ.

Ní ti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí, pe oníbàárà rẹ lónìí, ní kí ó fún ọ ní ọjọ́ mẹ́ta sí i. Kí o tó fọwọ́ kan etí fàdákà yẹn, fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo òkúta náà dáadáa níṣojú oníbàárà, kí o sì ya fọ́tò òkúta náà. Bí ìlà kan bá ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á ti jọ rí i.