Ṣé dandan ni kí a máa bomi rin kọnkéré tuntun nígbà ọyẹ́?

Dandan ni, pàápàá ní Kétu níbi tí ọyẹ́ kì í ti í fi omi sílẹ̀ lára nǹkan. Bíríkìlà yín tó ní kí ẹ máa da omi sí ilẹ̀ yàrá tó ti le kò fi omi ṣòfò rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbígbẹ ló ń mú kọnkéré le. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ńtì àti omi ló ń para pọ̀ di ohun tuntun, òun ló ń di yanrìn àti òkúta mú. Bí omi bá tán lára rẹ̀ láìtọ́jọ́, iṣẹ́ náà dúró nìyẹn: ojú ilẹ̀ á sán, bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, eruku á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kó tutù fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Ẹ tẹ́ àpò ìdọ̀họ tó rin gbingbin lé e, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó, torí oòrùn ọ̀sán á tètè fa omi tí ẹ dà lásán. Ọjọ́ 28 ni wọ́n sábà máa ń wọn agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi lù ú nígbà tó ṣì rọ̀. Sìmẹ́ńtì ojú rẹ̀ lẹ máa fọ̀ lọ.