Ẹ wọ kíláàsì ara yín kí ẹ tó pe sẹ̀mínà míì

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ ní ọdọọdún lẹ̀ ń ṣe sẹ̀mínà ọjọ́ kan fún àwọn olùkọ́ ẹ̀ka yín ní yunifásítì, síbẹ̀ ìkọ́ni ò yí padà. Báwo ló ṣe máa yí padà? Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n níbi tíṣẹ́ ti ń lọ. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ méjì-méjì máa wọ kíláàsì ara wọn.

Bó bá ku ọ̀la kí wọ́n wọ kíláàsì, kí àwọn méjèèjì jókòó fún bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹni tó fẹ́ kọ́ni sọ ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ kí èkejì bá òun wò. Bó bá dárúkọ márùn-ún, wọn ò ní rí ìkankan dáadáa. Lọ́jọ́ ẹ̀kọ́, ẹ̀yìn pátápátá ni kí olùwòye jókòó sí, kó máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì-méjì: ta ló ń sọ̀rọ̀, kí làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe? Kó má kọ "ó dára" tàbí "kò dára". "Aago 2:14, ó béèrè ìbéèrè, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn" wúlò ju ìyìn lọ.

Èyí gan-an ló wọ́pọ̀ jù. Mary Budd Rowe, onímọ̀ nípa ìkọ́ni, ṣèwádìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ lẹ́yìn ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà sì lahùn.

Kí wọ́n tún pàdé láàárín ọjọ́ méjì. Ẹni tó kọ́ni ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ohun tó máa ń ba ètò yìí jẹ́ ni kí ìwé tí olùwòye kọ wọ fáìlì ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Eré orí ìtàgé ni gbogbo wọn máa ṣe lọ́jọ́ náà! Ẹni tó kọ́ni ló ni ìwé, déètì nìkan ni kí olórí ẹ̀ka gbà. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú wa níbí, ọmọdé olùkọ́ ò ní lè wo ojú ọ̀jọ̀gbọ́n kó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yé akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ẹ so àwọn tí ipò wọn dọ́gba pọ̀, kí wọ́n sì wá láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò mọ ẹ̀kọ́ tí èkejì ń kọ́ni, akẹ́kọ̀ọ́ ni ojú rẹ̀ máa lọ bá. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ago-Ìwòyè lè bá àwọn ti Yunifásítì Tai Solarin ní Ìjàgun ṣètò, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n fi dá yunifásítì tiwọn sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6 sáà ẹ̀kọ́, ẹ pín ààbọ̀ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n dáhùn láìkọ orúkọ: kí ló ń ràn yín lọ́wọ́, kí ló ń dí yín lọ́wọ́? Ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa yí padà àtèyí tẹ́ ò ní yí, kẹ́ ẹ sọ ìdí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, òfìfo ni wọ́n máa dá padà nígbà kejì.

Ẹni mẹ́rin tó bá fẹ́ ẹ fúnra wọn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi lẹ́tà pàṣẹ ẹ̀.