Ṣé gbogbo "ń" ló ń di "was" àti "-ing"?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ "I am cooking when my brother arrived" nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà fi bírò pupa fa ìlà sí i. Mo wá sọ gbogbo "ń" tó wà lọ́kàn mi di "was" àti "-ing", wọ́n tún fa ìlà sí òmíràn. Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó yẹ?

Ìdáhùn: "Ń" tiwa kì í sọ ìgbà. "Mo ń sebẹ̀" lè jẹ́ báyìí, ó sì lè jẹ́ àná. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, "am", "is" àti "are" jẹ́ ti ìsinsìnyí. "Was" àti "were" jẹ́ ti ohun tó ti kọjá. "Arrived" ti gbé ọ̀rọ̀ yín lọ sí àná, "am" kò lè bá a gbé. "I was cooking when my brother arrived": ọbẹ̀ ṣì ń hó lórí iná ni ẹ̀gbọ́n yín wọlé. Tí ẹ bá kọ "I cooked when my brother arrived", ìgbà tó dé lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìkòkò kaná nìyẹn. Ẹ má sì kọ "I was cook" láé. "I was cooked" tún burú jù, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n sè!

Ẹ fi "lọ́wọ́" dán an wò. "Mo ń sebẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó dé" dùn létí, nítorí náà "was cooking" tọ́. Ṣùgbọ́n "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń pọnmi láàárọ̀" kò gba "lọ́wọ́". Ìṣe ojoojúmọ́ ni, "I used to fetch water" ló yẹ ẹ́. Ó dá mi lójú pé irú èyí wà lára àwọn tí tíṣà fa ìlà sí lẹ́ẹ̀kejì.

"Know", "believe" àti "need" kì í sábà gba "-ing". "Mo ń gbọ́ ohùn wọn" náà, "I could hear their voices" ni, kì í ṣe "I was hearing".

"I", "he", "she" àti "it" ló ń gba "was"; "you", "we" àti "they" ń gba "were". Ẹ ṣọ́ "wọ́n" ọ̀wọ̀ o: "Bàbá ti wọlé, wọ́n ń sùn nígbà tí mo dé" kò lè di "they were sleeping", nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni bàbá. "He was sleeping" ni. "You were" ni fún àgbà àti ọmọdé.

Ní ti sípẹ́lì, "run" á di "running", "write" á di "writing", "lie" á di "lying".