Gáàsì tí kò wọnú omi kò lè di ọtí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá gáàsì láti ara ìyẹ̀fun igi àwọn sómìlì Àkúrẹ́ ṣeé fi ṣe ẹ̀tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ pẹtiróòlù. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe èéfín ààtàn tó kàn ń rú. Inú gasifáyà, ẹ̀rọ tó ń sọ igi di gáàsì, tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀ lẹ máa sun ìyẹ̀fun náà sí. Gáàsì ibẹ̀ máa ń ní CO (káábọ̀nù monósáìdì) bí 20%, háídrójìn bí 15 sí 20%, naitrójìn sì máa ń kó bí ìdajì. Ìwúkàrà inú ẹmu kò mọ iṣẹ́ yìí. Clostridium autoethanogenum ló mọ̀ ọ́n, bakitéríà (kòkòrò àìfojúrí) tí wọ́n kọ́kọ́ yọ nínú ìgbẹ́ ehoro.

Wíwọ̀ tí gáàsì ò wọ omi ló ń fa wàhálà jù. Ní 25°C, lítà omi kan kò gbà ju mílígíráàmù 28 CO lọ. Ti háídrójìn kò pé 2. Bí ẹ bá rí i tó ń hó pùkùpùkù, ẹ má tíì yọ̀: ìhó ńlá ti gba òkè jáde kí kòkòrò tó rí i jẹ. Ẹ lo òkúta oníhò wẹ́wẹ́ táwọn ọlọ́sìn ẹja fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi, kí táǹkì ga kó sì tín-ínrín, kí ẹ̀rọ máa rò ó. CO bí 2,500 lítà ló ń di ọtí lítà kan. Pẹ̀lú 20% yẹn, gáàsì 12,500 lítà nìyẹn, bí ìkankan kò bá ṣòfò. Háídrójìn lè dín in kù.

Ọ̀dà inú èéfín àti sáyánáìdì ń pa kòkòrò: ẹ fi omi fọ gáàsì, kó tún gba inú èédú tó ń fa ìdọ̀tí. Ọ́síjìn náà ń pa á. Ẹ fi rẹ́sásúrínì, aró tó ń fi hàn bóyá ọ́síjìn ṣì wà, mílígíráàmù 1 sí lítà omi kan. Bí omi bá ṣì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ má tíì da kòkòrò sí i. Hóòsì sílíkóònù máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ́ wọlé, ẹ yẹra fún un.

37°C, pH (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó) 6 lẹ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kòkòrò bá ti pọ̀ dáadáa, ẹ rọra sọ pH ká sí bí 5, kó yí ọtí kíkan sí ẹ̀tánọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá kánjú sọ ọ́ ká, wọn á dákẹ́ pátá.

CO kò ní òórùn rárá, òun náà ló ń pa àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú álámù tó ń mọ CO.

Ọtí inú táǹkì kì í sábà ju 5% lọ. Ìkòkò àwọn tó ń sè ògógóró lè yọ ọtí náà kúrò nínú omi, ṣùgbọ́n bó ti wù kẹ́ ẹ tún un sè tó, kò ní kọjá 95.6%; kó tó wọ pẹtiróòlù, zeolite 3A, hóró oníhò tó ń mu omi, ni yóò fa omi tó kù.