Ṣé Ed.D. (oyè dókítà fún iṣẹ́ ẹ̀kọ́) ni kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ ṣe, àbí Ph.D. (oyè dókítà fún ìwádìí)?

Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe ló máa sọ ọ́. Bó bá jẹ́ yunifásítì lẹ fẹ́ lọ máa kọ́ni, Ph.D. ni o. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ lẹ ó ṣì máa darí, Ed.D. tó: ìṣòro ibi iṣẹ́ yín gan-an lẹ sábà máa fi ṣe àpilẹ̀kọ yín (ìwé ìwádìí tí wọ́n fi ń gba oyè). (Dókítà náà ni wọ́n máa pè yín nínú méjèèjì.) Ed.D. wọ́pọ̀ gan-an ní Amẹ́ríkà; Yunifásítì Harvard ti dá a sílẹ̀ láti 1920. Ní Nàìjíríà, Ph.D. ló gbòde, irú èyí tí ẹ̀ka Educational Management (ìṣàkóso ètò ẹ̀kọ́) ń ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn. Èyí tó wù kí ẹ ṣe nínú méjèèjì, àpilẹ̀kọ ló sábà ń jẹ àkókò jù, kì í ṣe kíláàsì.